Ìkórè Láìsí Alágbàṣe

Ẹyẹ ni Sẹ̀gilọlá kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó gbọ́ àkùkọ. Ó dìde jókòó lórí ẹní, ó dẹtí sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹ̀ga ni, pé wọ́n pọ̀, àti pé orí ìrẹsì ni wọ́n bà lé. Ògúnkànmí ọkọ rẹ̀ ti jáde ní tirẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà oko, tó ń hó lé àwọn ẹyẹ náà pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Àwọn ẹyẹ náà á fò sókè, wọ́n á yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì tún bà sí apá kejì.

Oṣù kẹwàá ọdún 1976 ni, ní abà Bádéjọ, tí kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí Mòwé. Éékà kan ni ìrẹsì wọn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá odò, òkè rẹ̀ sì gun ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ títí dé ìdí igi ìrókò kan tí wọn ò gé. Gbogbo rẹ̀ ló ti gbó. Bí èèyàn bá fara kàn án báyìí, á máa já bọ́ sílẹ̀. Ìrẹsì tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá gé e láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó ti di ti ẹyẹ àti ti eku. Bí òjò bá sì rọ̀ lé e, kò ní kan ẹyẹ pàápàá.

Ohun tó jẹ́ kí ọkàn Sẹ̀gilọlá balẹ̀ díẹ̀ ni pé Ìyàndá ń bọ̀ lónìí. Ọmọ Òkèhò ni Ìyàndá, láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún. Ọdún márùn-ún ló ti ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú rẹ̀ wá gbàṣẹ́ ìkórè lábà wọn. Wọ́n á sùn sínú ahéré, wọ́n á gé ìrẹsì tán láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n á sì padà lọ wa iṣu bàbá wọn. Ìránṣẹ́ ti wá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n ti dé Ìbàfò. Nítorí náà, Sẹ̀gilọlá pọn omi kún ìkòkò méjì, ó sì gbá inú ahéré.

Oòrùn ti yọ dáadáa nígbà tí Ìyàndá dé. Òun nìkan ló dé. Sẹ̀gilọlá wo ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò rí ẹnì kankan. Ó wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí bàtà. Bàtà dúdú tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ni, irú èyí tí kọ́ńpìnnì tó ń la ọ̀nà ńlá láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ń fún àwọn lébìrà wọn. Kò tún sí nǹkan tí ó fẹ́ bèèrè mọ́.

Ìyàndá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ pẹ̀lú bàtà náà lẹ́sẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú. Ó ní àwọn ò mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìbàfò, wọ́n rí èrò lẹ́nu géètì kọ́ńpìnnì, wọ́n ní kí àwọn náà dúró wò ó, kọ́ńpìnnì sì gba gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ní òjò rọ̀, òjò ò rọ̀, wọ́n á sanwó. Ó ti yẹ kó wá sọ láti ọjọ́ mẹ́rin, ojú ló ń tì í.

Ògúnkànmí ti dé láti oko, kànnàkànnà tó fi ń lé ẹyẹ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo bàtà náà.

"Ìyàndá," ó ní, "ṣé o rí ìrẹsì yẹn bí o ṣe ń bọ̀?"

"Mo rí i, Bàbá."

"O rí i, o sì wá kí wa."

Ìyàndá wolẹ̀. Sẹ̀gilọlá ni ọ̀rọ̀ kàn. Kò bínú sí ọmọkùnrin náà tó bí ó ṣe rò pé òun máa bínú, nǹkan mìíràn ló gbà á lọ́kàn.

"Ta ló wá ń bá bàbá tìrẹ wa iṣu lọ́hùn-ún?"

Ìyàndá fi bàtà kan nu orí èkejì. Ó ní bàbá òun kì í lọ sóko òkè mọ́. Ìwọ̀nba ẹ̀yìnkùlé tí bàbá àti ìyá òun lè ro ni wọ́n ń gbìn sí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wọn ti lọ tán, àwọn kan sí Èkó, àwọn kan sí Ìbàdàn, àwọn tó kù ló wà lójú ọ̀nà yìí. Igbó ti gba oko òkè, àwọn ọ̀bọ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ó tún dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ, kí fèrè iṣẹ́ má baà dún kó tó dé.

Ìsimi ò sí nílé láti ìgbà náà. Rédíò aládùúgbò wọn ń sọ̀rọ̀, ó ń wí pé ìjọba ológun fẹ́ kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí dáko, pé àwọn akọ̀wé pàápàá ti ń gbin ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ilé wọn. Ọ̀gbẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ náà kò dárúkọ ẹni tó máa kórè rẹ̀. Ògúnkànmí rán ẹnì kan sí wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yí i sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ni Tòún ti gbé oúnjẹ àárọ̀ wá. Ìyàwó Lásúnkànmí ọmọ wọn ni Tòún, ọmọ Agége ni, kò tíì lo ọdún kan pé lábà. Lásúnkànmí náà ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, torí òun pẹ̀lú ń ṣe lébìrà lọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì, ó ti lé lóṣù mẹ́jọ. Tòún kúnlẹ̀, ó gbé àwo kalẹ̀ níwájú bàbá ọkọ rẹ̀, ó sì ṣí i. Ìrẹsì ni. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun báláú, kò sí hóró kan tó lẹ̀ mọ́ èkejì.

Ògúnkànmí wò ó.

"Níbo lèyí ti wá?"

Tòún ní Lásúnkànmí ló rà á lọ́jà Ìfọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó. Ó ní inú àpò tó ní ìwé òyìnbó lára ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kò ní òkúta nínú, kì í pẹ́ jinná, kì í sì í rùn bíi ti abà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò bá má sọ.

Ògúnkànmí fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti àwo náà sẹ́yìn. Kò pariwo. Ó ní òun ń gbin ìrẹsì láti ìgbà tí òun ti ga tó ọkọ́, bàbá òun gbìn ín, ìrẹsì abà yìí làwọn ará Èkó ń sáré wá rà, ó wá di pé wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé oúnjẹ wá bọ́ òun nínú ilé òun, pẹ̀lú owó tí ọmọ òun fi kọ oko òun sílẹ̀. Ó ní òun ò ní í jẹ ẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Tòún ní. Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà. "Ṣùgbọ́n tiyín ṣì wà lóko, kò sì sẹ́ni tó máa gé e."

Sẹ̀gilọlá mọ̀ pé ó yẹ kí òun bá ọmọbìnrin náà wí, torí èèyàn kì í bá bàbá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí irọ́ kan nínú ọ̀rọ̀ náà tó lè fi bá a wí. Ó kàn sọ fún un pé kó gbé àwo kúrò. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ààrò, ó bu díẹ̀ sẹ́nu níbẹ̀. Ìrẹsì náà jinná dáadáa. Kò ní òórùn, kò sì ní adùn, àfi bí ẹni ń jẹ omi gbígbóná. Ó gbé e mì, ó sì tún bù sí i, torí ebi ń pa á.

Ògúnkànmí ti ń wá fìlà. Ó ní òun ń lọ sójú ọ̀nà láti lọ mú Lásúnkànmí wálé, bí òyìnbó fẹ́, bí òyìnbó kọ̀. Sẹ̀gilọlá rí i lọ́kàn bí ó ṣe máa rí: bàbá àti ọmọ níwájú gbogbo àwọn lébìrà, ohùn bàbá lókè, orí ọmọ nílẹ̀, ìtìjú fún àwọn méjèèjì. Ó ní kó dúró lé ẹyẹ, òun ni òun máa lọ.

Kò tíì dé ojú ọ̀nà náà láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Nígbà yẹn, igbó ni katapílà ń wó. Báyìí, ilẹ̀ pupa ló tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, ó fẹ̀ tó ibi tí èèyàn lè dá oko mẹ́fà sí. Rólà ń lọ, ó ń bọ̀, ọkọ̀ ń da òkúta wẹ́wẹ́. Lẹ́nu géètì, àwọn ọkùnrin tò bí ìgbà tí wọ́n ń gba omi nígbà ọ̀dá. Wọn ò lè dín ní ọgọ́ta. Ó rí àwọn tó mọ̀ láti Lótò, ó rí àwọn tí kò mọ̀ rárá, tí ilà ojú wọn jẹ́ ti ọ̀nà jíjìn.

Ó rí Adéyanjú láàárín wọn.

Ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni Adéyanjú. Odò kan náà ló wà láàárín oko wọn, ìrẹsì tirẹ̀ sì ti gbó pẹ̀lú, torí ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n gbìn ín. Ó ti fá orí rẹ̀ kodoro. Ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, orí náà funfun fún ewú. Ó rí Sẹ̀gilọlá, ó sì ṣe bí ẹni fẹ́ yíjú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

"Mo ní kí n wá wo bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ ni," ó ní.

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i, ó bèèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, ó sì kọjá.

Lásúnkànmí wà níwájú, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì tẹ́ òkúta lẹ́yìn rólà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn sọ nǹkan, Lásúnkànmí dá a lóhùn, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín láìdá iṣẹ́ dúró. Ìyá rẹ̀ dúró wò ó. Lóko, ọmọ yìí lè lo gbogbo ọjọ́ láìsọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀ pé ó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Lásúnkànmí rí ìyá rẹ̀, ó sáré wá, ó fi ọwọ́ kanlẹ̀, ó bèèrè bóyá kò sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Sẹ̀gilọlá ti tò lọ́kàn láti abà wá ló ń yọ́ lọ.

"Kò sí," ó ní. "Ọ̀dọ̀ Mùnírátù ni mò ń lọ."

Lásúnkànmí wò ó lójú. "Ìyàndá ti sọ fún mi. Ìyá mi, tí mo bá kúrò níbí lónìí, ẹlòmíì á ti wà níbí lọ́la. Ṣé ẹ rí àwọn tó wà lẹ́nu géètì?"

"Mo rí wọn."

"Aago mẹ́rin la máa ṣíwọ́. Ẹ bá mi wá dòjé kan sílẹ̀."

Fọ́ọ̀mán súfèé. Lásúnkànmí padà sídìí ṣọ́bìrì rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Kò parọ́ nípa Mùnírátù, àfi pé kò tíì rò ó títí ó fi sọ ọ́ lẹ́nu. Obìnrin abà wọn ni, ẹ̀wà ló ń tà fún àwọn lébìrà, òun àti àwọn obìnrin méjì kan. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, ó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìkòkò rẹ̀ ti gbẹ nígbà tí Sẹ̀gilọlá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń fi eérú fọ̀ ọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí Sẹ̀gilọlá tó lanu. Ó ní ojú òun ni Ìyàndá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gba bàtà, òun sì ti mọ̀ láti ìgbà náà pé ọ̀rọ̀ máa wà lábà.

"Inú oko ìrẹsì ni wọ́n bí mi sí, Ìyá Lásún," ó ní. "Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé. Ẹ fún àwa mẹ́ta ní agbọ̀n kan nínú mẹ́rin, a ti dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán."

Ògúnkànmí kì í pín oko. Owó ló ń fún alágbàṣe, kì í fún wọn ní ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣe. Sẹ̀gilọlá wo ojú ọ̀run. Apá Ìfọ̀ ti ń ṣú. Ó ní òun gbà.

Nígbà tó sọ fún ọkọ rẹ̀ lóko, Ògúnkànmí ju kànnàkànnà sílẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó fún un láṣẹ láti pín ìrẹsì òun. Ó ní òun rán an lọ mú ọmọ òun wá, ó lọ kó àwọn alẹ́wà wá.

"Ẹyẹ ti ń pín in láti àárọ̀," Sẹ̀gilọlá ní. "Wọn ò tọrọ àyè lọ́wọ́ yín."

Ó ti mú dòjé rẹ̀. Ó lọ sísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, níbi tí ìrẹsì ti dára jù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gé e. Kò wẹ̀yìn. Ó gé ìdì àkọ́kọ́, ó gé ìkejì. Nígbà tó ń so ìkẹta, ó gbọ́ dòjé mìíràn lọ́wọ́ òsì rẹ̀, kò sì ní láti gbójú sókè kó tó mọ ẹni tó ń gé e. Wọ́n jọ ń gé lọ bẹ́ẹ̀.

Mùnírátù mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n tò. Ọwọ́ wọn yá ju ti àwọn ọmọkùnrin Ìyàndá lọ, wọn kì í sì í gbọn orí ìrẹsì dànù. Mùnírátù ń gé, ó ń sọ̀rọ̀: ẹni tó fi owó ilẹ̀ tí ọ̀nà gbà ra alùpùpù, ẹni tó fi tirẹ̀ fẹ́yàwó, àwọn tó ń fi yàrá tí wọn ń tọ́jú iṣu sí tẹ́lẹ̀ háyà fún lébìrà ní Akútè. Tòún náà jáde wá láìṣe pé ẹnì kan pè é. Ó gbé garawa karosíìnì tó ti ṣófo, ó gun òkè lọ sídìí ìrókò, ó sì ń lù ú mọ́ àwọn ẹyẹ. Ohùn rẹ̀ lágbára ju ti Ògúnkànmí lọ. Ó ń bú àwọn ẹyẹ náà bí wọ́n ṣe ń bú kọndọ́kítọ̀ ní Agége, àwọn obìnrin sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan ní láti dúró nu ojú. Sẹ̀gilọlá rí i tí èjìká ọkọ rẹ̀ ń mì. Ó rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún, kó tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni òun náà ń rín.

Lẹ́yìn náà ni Mùnírátù sọ pé wọ́n ti gba Bàbá Adéyanjú síṣẹ́ o. Wọn ò fún un ní ṣọ́bìrì. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fún un, pé kó máa gbá iwájú ilé àwọn òyìnbó.

Dòjé Ògúnkànmí dúró. Gbogbo wọn gbọ́ pé ó dúró. Ó wo òdìkejì odò, níbi tí ìrẹsì Adéyanjú wà ní pípọ́n, tí ẹyẹ bò ó, tí kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lásúnkànmí dé pẹ̀lú ṣòkòtò kákí àti eruku òkúta lójú. Ó mú dòjé tó wà fún un, ó wá dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ògúnkànmí sún ẹsẹ̀ kan sọ́tùn-ún, ó fi ìlà tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí ọmọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń sáré lọ.

Ìsàlẹ̀ ti tán, àárín ti tán, wọ́n sì ti mú ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà dé ìdajì nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdì. Ẹni tó rí agbọ̀n fi agbọ̀n kó, ẹni tí kò rí fi ìró kó. Bí Tòún ṣe gbé ìdì tó kẹ́yìn wọ inú ahéré ni òjò já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe òjò kékeré. Láti ẹnu ọ̀nà ahéré, wọ́n ń wo bí ó ṣe ń tẹ ìrẹsì òkè mọ́lẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé èkejì, títí gbogbo rẹ̀ fi dùbúlẹ̀.

Ìdá kan nínú mẹ́rin oko wọn ló lọ bẹ́ẹ̀. Sẹ̀gilọlá dúró de ìbànújẹ́ tó yẹ kó dé bá a, kò sì rí i. Ó jókòó sáàárín àwọn ìdì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú, òórùn ìrẹsì tútù kún imú rẹ̀, omi ń kán láti irun rẹ̀ sọ́rùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Lásúnkànmí ń fi bí fọ́ọ̀mán ṣe ń rìn han àwọn obìnrin náà, ìyàwó rẹ̀ sì ń dì í lẹ́wù mú kó má baà ṣubú lu ìrẹsì.

Ògúnkànmí nìkan ló ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, òjò ló kọjú sí.

"Ẹ̀gẹ́ ni mo máa gbìn sókè yẹn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀gẹ́ lè dúró nínú ilẹ̀ títí èèyàn á fi ráyè wá wú u."

Ẹnì kankan lábà ò gbọ́ ọ rí kó dárúkọ ẹ̀gẹ́ mọ́ ilẹ̀ ìrẹsì rẹ̀. Ó yíjú padà, ó wá Mùnírátù kàn láàárín òkùnkùn ahéré náà, ó sì tún ohùn rẹ̀ ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò mọ́ lára.

"Ìsàlẹ̀ nìkan ni ìrẹsì máa kù sí. Mùnírátù, ẹ jọ̀ọ́, tó bá gbó, ṣé ẹ̀yin mẹ́ta á tún lè wá? Bí ẹ ṣe gbà á lónìí náà ni."

Mùnírátù ní àwọn á wá, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ògúnkànmí mi orí, ó wọlé, ó wá àyè láàárín ìdì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì jókòó. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó gbé e ti èjìká Sẹ̀gilọlá, níwájú gbogbo wọn, Sẹ̀gilọlá sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.